Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa elépo, aládìn-ín àti asọṣẹ lórí àgbàlá ilé ìfúnpo àtijọ́

Sí Mẹ́rì, olórí ìgbìmọ̀ ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó wa. Àwa obìnrin tó ń ṣe epo, tó ń yọ àdín, tó ń se ọṣẹ ní Àjàṣẹ́ la kọ ìwé yìí, orí ìkúnlẹ̀ la sì wà. A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé àgbàlá ilé ìfúnpo àtijọ́ tà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Pọ́bẹ̀ gba Sákẹ́tẹ́ wọ Àjàṣẹ́, epo àti èkùrọ́ ni ẹrù rẹ̀, àwọn náà ni Dàhòmì, ìyẹn orílẹ̀-èdè Benin òde òní, fi ń rówó ná. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ẹkù látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ inú àgbàlá yẹn ń ṣe é kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Lẹ́yìn tí ológun Kérékou fipá gbàjọba ní 26 Oṣù Kẹwàá 1972, ìjọba rẹ̀ gba àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sọ́wọ́, tiwa náà sì di ti ìjọba. Owó oṣù ń wọlé dáadáa nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ń gbó, ẹ̀rọ ń bàjẹ́, ẹyìn tó yẹ kó wọlé ń gba ẹnubodè lọ sí Nàìjíríà, torí owó ibẹ̀ dára jù. Ní 1988 sí 1989, báńkì ìjọba gbẹ, òṣìṣẹ́ lo oṣù púpọ̀ láìgbowó. Ìpàdé àpapọ̀ ti Oṣù Kejì 1990 ní Kútọnu yí ìlú padà, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Tiwa ò rí ẹni gbà á.

Àwọn ìyá wa ti gbé èkùrọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ìwé pélébé, owó ò jáde títí ilẹ̀kùn fi tì. Ọ̀kan nínú wa ṣì fi ìwé ìyá rẹ̀ sínú àpótí. A ò tìtorí owó yẹn wá.

Inú ilé la ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Èéfín wa ń wọ yàrá aládùúgbò, omi ẹ̀gbin epo ń ṣàn sójú títì, wọ́n ń bá wa jà, wọ́n sì jàre. Àgbàlá yẹn ní kànga, ó ní ihò ìdaminù, ó ní ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ẹ fún wa ní àwọn ilé tó wà lápá títì, a ó máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù sápò ìlú. Èésan, ìyẹn èèpo èkùrọ́ tó bá kù, àwọn alágbẹ̀dẹ ti ní àwọn fẹ́ ẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán onímọ̀ ilé wá wo òrùlé: irin rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn ọmọdé sì ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà, lóru ni àwọn kan ń wá gé àgbá irin ńlá tí ilé iṣẹ́ náà fi ń se omi, wọ́n ń tà á ní àlòkù. Ẹ bá wa dá wọn dúró. A fẹ́ kí àgbá náà wà níbi tó wà, kí àwọn ọmọ wa lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ yan ọjọ́ tí a lè wá rí yín, kó má sáà bọ́ sí ọjọ́ ọjà Àjàrá, torí ọjà ni gbogbo wa máa ń wà lọ́jọ́ náà.