Ta Ló Ń Ṣílẹ̀kùn Ilé Ìwòsàn Fún Àwọn Tó Ń Pín Mílíìkì Agolo?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lóṣù tó kọjá, mo sin ìyàwó ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan níbí. A ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti nọ́ọ̀sì wọlé, tó ń pín agolo mílíìkì kékeré fún àwọn ìyá lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ń kọ nọ́ḿbà fóònù wọn sínú ìwé. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iléeṣẹ́ tó ń ta mílíìkì ló rán an. Àwọn ìyá ń ṣàdúrà fún un. Ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ọmú kì í ṣe ìkòkò tí a pọn omi sí. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á ló ṣe ń sun. Ọmọ tó bá ti mu fídà yó kò ní fa ọmú bó ṣe yẹ, wàrà á sì máa dínkù. Kí agolo ọ̀fẹ́ yẹn tó tán, ọmú ti ń gbẹ, ìyá á wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ máa ra mílíìkì, owó ì báà wà, owó ì báà má sí. Bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ tó fẹ́ mú ni.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé ọmọ oṣù mẹ́ta kan wá tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú; mo fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, kò tètè padà. Mo ní kí ìyá rẹ̀ jẹ́ kí n rí fídà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí omi tí a fi ṣan igbá ẹ̀kọ. Ṣíbí kan ló ń bù síbi tó yẹ kó bu mẹ́rin, kí agolo lè pẹ́. Omi kànga tí kò sè ló fi pò ó. Kí ẹnikẹ́ni má bú u o, ìfẹ́ ọmọ ló ṣe é. A fa omi sí ọmọ náà lára, ó yè. Èyí tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn rẹ̀ kò yè.

Mi ò bá mílíìkì jà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú nílò rẹ̀, ìyá tí dókítà bá sì ní kó má fún ọmọ lọ́mú nílò rẹ̀. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ fún ẹni tí ọmú rẹ̀ kún ni mò ń bá wí.

Lọ́dún 1981, orílẹ̀-èdè 118 fọwọ́ sí ìlànà àjọ ìlera àgbáyé, WHO: kí iléeṣẹ́ má fún ìyá ní agolo ọ̀fẹ́, kí aṣojú wọn má wá aboyún tàbí ìyá ọmọ lọ, kí wọ́n má ya àwòrán ọmọ sára agolo. Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò takò ó. Nàìjíríà ṣòfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1990, NAFDAC ló sì ń mójú tó o. Síbẹ̀, ọmọbìnrin yẹn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ̀yin mètírọ́ọ̀nù Èkìtì, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi! Ẹ má gbà wọ́n láàyè mọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa sì rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ àjẹsára, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Agolo tí wọ́n fún ìyàwó ọmọ mi wà lórí tábìlì bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. A ò ṣí i. Ọmọ ń mu ọmú nínú yàrá.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.