Fọ́tò tí a ó fi máa ṣọ́ ògiri ilé bàbá àgbà yín

Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo rí fọ́tò ojú sísán tó wà lára ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ yín ní Òkèṣà, Ìlẹ́ṣà, tí àbúrò rẹ yà. Òkèèrè ló ti yà á. Bí ògiri mítà 4 bá kún fọ́tò tó fẹ̀ tó 4,000 pixel (àwọn ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò), pixel kan jẹ́ mìlímítà 1, ohun tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ti sọnù. Kó sún mọ́ ọn títí tí fọ́tò á fi gba sẹ̀ǹtímítà 40 péré. Ìgbà náà ni pixel 10 á jẹ́ mìlímítà 1.

Kó tó tún yà á, kó fi ìṣó kékeré kan àmì dúdú róbótó mọ́ amọ̀ gan-an, kì í ṣe mọ́ sìmẹ́ǹtì tó ti ń ṣí lójú ògiri. Mẹ́rin ní apá kan ibi tó sán, méjì ní apá kejì. Kó fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín mẹ́rin náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ á wá lo Fiji, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ fọ́tò wò, ọ̀fẹ́ ni: mẹ́rin yẹn nìkan ni kó o fi tẹ́ fọ́tò tuntun kọ̀ọ̀kan lé àkọ́kọ́ tó ní àwọn àmì náà. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Bí o bá fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ́ ẹ, àtúnṣe náà á gbé ìrìn ògiri mì, wàá sì rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn méjì tó kù ló ń sọ òótọ́. Bí wọ́n bá ń jìnnà sí mẹ́rin náà, ojú sísán ń fẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ apá yẹn máa rì, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Kó ṣe irú àmì kan náà lókè àti nítòsí ilẹ̀. Bí òkè bá ń fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ògiri náà ti máa fì síta.

Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó kọjú sí ògiri tààrà. Kó má fi zoom fà á, kó pa gbogbo ohun tí fóònù fi ń mú fọ́tò dán. Àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó kan ògiri, ni kó máa yà á. Má sì ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa wá ojú sísán nípa dúdú rẹ̀: ibi tí òjò bá rin lára amọ̀ máa ń dúdú bákan náà, òjìji náà á sì tàn án jẹ.

Jọ̀ọ́, má ṣe pariwo bó bá fẹ̀ nígbà ọyẹ́. Amọ̀ máa ń sún kì tó bá gbẹ, òjò á sì tún mú un wú, ojú sísán á pa dé díẹ̀. Oṣù kìíní ni kó o fi wé oṣù kìíní. Àmọ́ bó bá ń fẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìdúró, ẹ má retí ọdún kankan: kí wọ́n kó kúrò ní yàrá náà, kẹ́ ẹ pe ẹnjiníà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi sìmẹ́ǹtì dí i báyìí, torí a ò ní rí nǹkan kan kà mọ́.

Fi fọ́tò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi bí àbúrò rẹ bá ti kan àwọn àmì náà tán. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ.