Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka tó ń mójú tó ilé kíkọ́, Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ilé kíkọ́, ìyẹn wẹ́dà, káfíńtà, bíríkìlà, akunlé àti àwọn tó ń fa wáyà, la kọ ìwé yìí. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni láti kọ́lé, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ iná máa wà lọ́rùn rẹ̀ ní sáìtì náà.

Ojú wa ti rí i. Ọ̀kan nínú wa, wẹ́dà ni, ń gé irin ní òkè kẹta lọ́jọ́ kan. Iná tó ń ta lára irin gba ihò páìpù bọ́ sísàlẹ̀, níbi tí akunlé kó àkísà tó ti mu tínà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, sí. Wẹ́dà ti ká wáyà rẹ̀, ó ń jẹun lọ́wọ́, kí èéfín tó yọ. Ẹ̀rọ ìpaná kan ṣoṣo tó wà, inú ọ́fíìsì ni wọ́n tì í mọ́, fọ́ọ̀mánù sì ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Iyanrìn tí bíríkìlà fẹ́ fi po sìmẹ́ńtì la fi pa á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ délẹ̀, onílé ní kọngílá ni, kọngílá ní fọ́ọ̀mánù ni, fọ́ọ̀mánù ní wẹ́dà ni. Owó wẹ́dà ni wọ́n gé.

A ò sọ pé ọwọ́ wa mọ́ pátápátá. Iná tó ń ta lè fò tó mítà 10, ó sì lè ba sínú lẹ́búlẹ́bú pákó fún ìgbà pípẹ́ kó tó jó. Ó yẹ kí ẹnì kan dúró ṣọ́ ibẹ̀ fún wákàtí kan gbáko lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, torí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àmọ́ ta ni yóò sanwó wákàtí yẹn? Kọngílá tó ń sáré kó lè parí ilé kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin, kó má baà di ohun tí wẹ́dà ń tọrọ.

Ìwé àyẹ̀wò ewu, tó ń sọ ohun tó lè ṣe wá ní jàǹbá ní sáìtì, òun náà ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́, nígbà tí kò tíì sí ohun tó lè jó. Bí wọ́n bá dé orí dẹ́kìn, pákó ti yí wa ká. Bí akunlé bá wọlé, tínà dé, fóòmù dé, àtẹ̀gùn tá a máa bá sá jáde kò sì tíì parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tún un kọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kà á sí wa létí láàárọ̀ ní èdè tá a gbọ́: ibi tí sílíńdà gáàsì máa dúró lóòró sí, ibi tí a kò gbọ́dọ̀ ti dáná, ọ̀nà tá a máa gbà jáde. Kó sì hàn nínú rẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó da bẹntiróòlù sí i.

Ẹ máa yọ sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi ọmọṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀ pé ibo ni ẹ̀rọ ìpaná wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dá iṣẹ́ dúró, títí kan iṣẹ́ tiwa.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.