Títí Dé Ìhín

Leeds,
Ìlú Ọba.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún yín ńkọ́? Ará ilé ńkọ́? Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú òtútù tó ń wọni dé eegun.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan níbí ní ìparí oṣù October, aago márùn-ún ìdájí ni ohùn yín ń wọ fóònù mi, torí ẹ ti fi wákàtí kan ṣíwájú wa báyìí. Ẹ̀yin rò pé ẹ ń jí mi. Rárá o! Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nílé àwọn arúgbó, àsìkò yẹn gan-an sì ni oorun máa ń kùn mí jù. Màá sá wọ yàrá tí a ń kó aṣọ fífọ̀ sí, màá gbé fóònù sétí. Ẹ ó ka ẹsẹ Bíbélì kan, ẹ ó ní "Ṣé o jí ire, ọmọ mi?", ó parí.

Ẹ bá mi bẹ Bùrọ̀dá kí wọ́n rọra. Àwòrán òdòdó bí ogún lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú "fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ìbùkún rẹ má baà dí"! N kì í kà wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ẹ̀rù tì mí láti gbà, kì í bá mi délé. Ẹyọ kan tiyín yẹn ni mo máa ń gbé kiri títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, "Títí dé ìhín ni Olúwa ràn wá lọ́wọ́" lẹ kà. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ rántí pé bàbá wa kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọn, tí ọkọ̀ náà sì máa ń kú sójú ọ̀nà Iléṣà? Àwọn alájàpá á ní, "Bàbá, ìhín wo rèé?" Síbẹ̀ wọn ò pa á rẹ́. Àṣé wòlíì Sámúẹ́lì tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó gbé òkúta Ẹbẹnésérì kalẹ̀ ò sọ pé àwọn ti dé ibi tí àwọn ń lọ. Ìhín ló wí. Lálẹ́ tí ẹsẹ̀ mi bá wúwo bí ọmọ odó, ìyẹn tó mi.

Ìyá arúgbó òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò mọ orúkọ ọmọ tó bí mọ́. Lóru ọjọ́ kan, ó ń sunkún, ó ń wá ìyá rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 23 ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó mí, ó ti gbà á lẹ́nu mi, ó kà á kọjá àfonífojì òjìji ikú láì ṣi ọ̀rọ̀ kan. Èmi náà ń kà á lábẹ́nu ní tiwa: "Èmi kì yóò ṣe aláìní." Ó sùn.

Èdè Bíbélì àtijọ́ yẹn, ta ló tún ń sọ ọ́ lọ́jà? Síbẹ̀ òun ló ń dùn mọ́ mi jù. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ kúkú mọ ohun tí jíjìnnà sílé jẹ́: 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25! Ẹ má mikàn, tèmi ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́. Ẹ má fi yá ẹnikẹ́ni o, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí mò ń sọ. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ ka ẹsẹ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Mo máa ń gbọ́ àkùkọ ilé wa lẹ́yìn ohùn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́