Kí O Tó Sanwó fún Jọ́nà

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Gbogbo wa nílé ní Ọ̀yọ́ ń kí ọ.

Mo ti ka ímeèlì tí o fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tí jọ́nà kan, ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, fi ní kí o sanwó káwọn lè tẹ iṣẹ́ rẹ. Jọ̀ọ́, má tíì sanwó kankan o. Wọ́n pè ọ́ ní "Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtàkì", ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe másítà ní LAUTECH! Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún làwọn yóò fi gbé iṣẹ́ rẹ jáde. Ta ni yóò ka iṣẹ́ lórí àrùn ẹ̀gẹ́ fínnífínní, tí yóò tọ́ka sí àléébù rẹ̀, tí ìwọ náà yóò tún un ṣe, láàárín ọjọ́ márùn-ún? Kò sẹ́ni tí yóò kà á. Owó ni wọ́n ń wá.

Bí a bá lọ ra iṣu lọ́jà Akẹ̀sán, a máa ń yí i síwá sẹ́yìn ká tó ná an. Yẹ àwọn wọ̀nyí náà wò bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ISSN tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn, ìdánimọ̀ lásán ni, kò sọ pé jọ́nà dára. Impact factor tí wọ́n ń fọ́nnu sí ńkọ́, nọ́ńbà tó ń fi bí àwọn olùwádìí ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ inú jọ́nà tó hàn? Iléeṣẹ́ Clarivate ló ń gbé ojúlówó rẹ̀ jáde. Orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn ni mo rí lábẹ́ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí OMICS, iléeṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà, tó fìdí kalẹ̀ sí Íńdíà, san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là, torí pé ó tan àwọn òǹkọ̀wé lórí àyẹ̀wò iṣẹ́, ó sì fi iye owó pamọ́ fún wọn.

Owó kọ́ ló ń dùn mí jù. Bí iṣẹ́ rẹ bá ti jáde lọ́dọ̀ wọn, jọ́nà gidi kì í fẹ́ gbà á mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ láíbìrì, ẹ̀yìn tí ọwọ́ ti bọ́ làwọn èèyàn ń wá bá wa.

Wá orúkọ jọ́nà náà lórí DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Yunifásítì Lund ní Sweden bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ jọ́nà tó wà níbẹ̀ ni kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Wo AJOL náà, àkójọ àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà wa. Kọ̀wé sí ẹnì kan lára àwọn tí jọ́nà tó kọ̀wé sí ọ yẹn pè ní olóòtú rẹ̀, kí o bi í bóyá ó mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í mọ̀ rárá.

Má dá ímeèlì yẹn lóhùn. Lọ́jọ́ Ajé, lọ bá àwọn ará láíbìrì yín, má tijú, iṣẹ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà, bi alábòójútó rẹ léèrè jọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ ń kà. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ