Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ilé-Iṣẹ́ Àtijọ́ Tí Wọ́n Ń Wó Létí Ọ̀sà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú,
Láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwa apẹja àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja etí ọ̀sà.

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

A ò ní kí wọ́n má wó ilé náà. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó wó; ògiri rẹ̀ tó kọjú sómi ti là, ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ń gbà wọlé lọ ṣa irin. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá iṣẹ́ náà dúró ná, títí wọn yóò fi yẹ ilẹ̀ àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ wò.

Òòlù làwọn òṣìṣẹ́ kọngílá fi ń fọ́ páànù asbestos orí rẹ̀, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ láti òkè. Eruku rẹ̀ bà lé ẹja tí àwọn ìyá sá. Eruku yìí kì í kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Ó yẹ kí wọ́n fi omi rin páànù náà, kí wọ́n tú u lódidi, kí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn wé e.

Pákó ilé náà ńkọ́? Ọ̀dà ayé àtijọ́ ló wà lára wọn, òjé (lead), irin olóró, sì wọ́pọ̀ nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ra pákó náà lówó pọ́ọ́kú láti fi yan ẹja. Ọ̀dà ń hó lára igi, èéfín rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹja àgbá méjì ló dà nù, ẹkún ló sì sun délé.

Ẹrẹ̀ abẹ́ omi iwájú ilé náà ló ń bà wá lẹ́rù jù. Òjé àti irú rẹ̀ kì í sábà bá omi lọ, inú ẹrẹ̀ ló ń jókòó sí. Bí katakata bá rú u sókè, omi tó ń kún tó ń fà yóò gbé e tọ edé àti akàn lọ, láti Màjídùn dé Báyékú. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ẹ, kí wọ́n má kan òpó mọ́ ọn, àfi tí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, bá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ fún wa ní Yorùbá.

A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ìyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ fáwọn tó ń dí àbàtà kọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lẹ́kun. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Ńṣe ni wọ́n hú ìyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò láwọn abúlé náà, tí wọ́n da èyí tó mọ́ síbẹ̀.

Òjò ti ń ṣú. Ọkọ̀ wa wà nílẹ̀ láti gbé àwọn tó máa wá yẹ ẹrẹ̀ náà wò, a ò ní gba kọ́bọ̀. A ó fi ẹnu páìpù tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń da omi jáde nígbà kan hàn wọ́n. Abẹ́ ojúorò ló wà, ẹni tí kì í tukọ̀ níbẹ̀ kò lè rí i.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Ẹgbẹ́ apẹja àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja etí ọ̀sà, Ìkòròdú.