Ara rẹ̀ yá nínú ìwé ilé ìwòsàn, kò tíì yá ní àdúgbò

Sí Olóòtú,

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa, pé bí a bá wo wèrè sàn, èyí tí yóò máa fi dẹ́rù ba ọmọdé kò ní ṣàì kù. Èmi náà ti pa á rí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí àìsàn ọpọlọ ti wọ ilé wa ni n kò ti lè pa á mọ́, nítorí mo ti rí i pé òwe náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe òfin.

Àbúrò mi tó jẹ́ káfíńtà lo oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn kan. Nígbà tí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, wọ́n fún wa ní ìwé oògùn àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Kò sí ẹni tó bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí bóyá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà. Kò sì sí mọ́: onílé ti gbé e fún ẹlòmíràn, ayùn àti òòlù rẹ̀ ti di àwátì, àwọn oníbàárà tó ń dúró gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń kí i lókèèrè.

Lọ́dún 1993, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Anthony, kọ ọ́ pé ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá jà lè padà bọ̀ sípò, kí ó ní iṣẹ́, ìrètí àti ìgbé ayé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí àìsàn náà kò tilẹ̀ tíì kúrò pátápátá. Èrò yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, a ní kò gbádùn. Bí ó bá sàn, a ní ó ti gbádùn, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń sọ pé ènìyàn ń jẹ ayé. Àwọn baba wa kò ya ìlera sọ́tọ̀ kúrò lára ayé tí ènìyàn ń gbé.

Àwọn dókítà tiwa pẹ̀lú ti fi èyí hàn. Láti 1954, ní Arọ̀ lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé, ìbátan wọn kan ń bá wọn gbé, wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì tọ ipasẹ̀ àwọn aláìsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ àwọn ti Ìbàdàn rí ara wọn dáadáa ju àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Mo mọ̀ pé ewu wà nínú èrò ìpadàbọ̀sípò yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan tó ń gba ìtọ́jú ti ṣàròyé pé ìjọba fi ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀sípò bojú láti tètè lé wọn kúrò lábẹ́ ìtọ́jú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbí, orí ìyá, ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n tó ti ń fi owó ara wọn ra oògùn ni gbogbo ẹrù náà yóò wó lé. Nítorí náà, oògùn tí apá mẹ̀kúnnù ká ni kí ó ṣáájú.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, tí títi aláìsàn mọ́lé jẹ lógún jù. Ohun tí mo ń bẹ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni pé, nígbà tí wọ́n bá ń ka iye aláìsàn tí a tọ́jú, kí wọ́n ka iye tó ti padà sí ẹnu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan pẹ̀lú, kí wọ́n sì ya owó irinṣẹ́ sọ́tọ̀ fún wọn.

Àbúrò mi ti fi owó àjọ ìyá wa ra ayùn kan. Ó ku ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkèsà, Iléṣà.